Àwọn Tí Kì Í Dáhùn Ìkíni

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà mi, ẹ sọ pé ìyá mi ń gbéra ga. Ìyá mi tó jẹ́ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ọkọ, yóò béèrè orúnkún tó ń dun ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé sọ gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Ó ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa, òun rẹ́rìn-ín músẹ́, Màmá wo òun lójú kòrókòró, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lóòótọ́, ojú Màmá ti ń ṣú. Ẹ̀yìn ẹyinjú ló gbó, tó fi jẹ́ pé àárín ohunkóhun tó bá wò a máa ṣe bàìbàì, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tó ń rí díẹ̀. A ti pín iṣẹ́ nítorí ìyẹn: èmi ń gé aṣọ, mo ń fi máṣíìnì rán an, òun ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀, ó ń gán bọ́tìnì. Ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà ju ojú tèmi lọ. Àmọ́ ojú tó ń ṣú kì í pa ẹnu mọ́, èmi náà sì ti ń ṣàkíyèsí pé Màmá kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí ẹni náà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo fi ìbínú wọlé bá a. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti gbọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó bá sì ti pinnu, bí ẹni ń wakọ̀ lọ́nà tí kò sí ibi ìyípadà ni. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó bá Màmá níbi tó ti ń kí àga òfìfo. Ní báyìí ó ti ní òun ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ wá mú un tẹrù-tẹrù lọ sílé òun, kí a ti ṣọ́ọ̀bù pa, torí pé orí ìyá wa ti ń dàrú.

Màmá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Aṣọ wo ni ọ̀gá náà wọ̀?"

Mo ní aṣọ búlúù kan báyìí.

Ó mí kanlẹ̀. "Àṣé ènìyàn ni aláṣọ búlúù yẹn."

Ìgbà náà ló wá tú u palẹ̀ fún mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn àlejò kan ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa láìṣílẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin onífìlà gíga, àwọn obìnrin tí síkẹ́ẹ̀tì wọn gún régé, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, tí wọ́n ń mi ẹsẹ̀ wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Màmá kọ́kọ́ ń kí wọn bí ọmọlúàbí, ẹnìkan ò dáhùn, ó rò pé ilé burúkú ni wọ́n ti kọ́ wọn. Ọjọ́ tó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pòṣé lẹ́yìn òun ló mọ̀ pé òun nìkan ló ń rí wọn. Ó sì pinnu pé òun ò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ẹni náà yóò fi lanu.

"Kí wọ́n pè mí ní agbéraga," ó wí. "Ó sàn ju kí ẹ̀yin ọmọ mi máa pè mí ní wèrè lọ."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo wo orí tábìlì ìgéṣọ, àlùmọ́gàjí àti àgékù aṣọ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wá ń ro gbogbo ìgbà tí mo ti jágbe mọ́ ọn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ti mú kí n búra pé mi ò ní sọ nǹkan kan, mo sì ti ń wá bí mo ṣe máa da ìbúra náà. Dókítà ọ̀hún, ọmọbìnrin kan tó ń pe gbogbo àgbà ní "ìyá mi," tan iná sí i lójú, ó wá béèrè bí ẹni ń béèrè oorun àná pé ṣé ó máa ń rí ènìyàn tàbí nǹkan tí ẹlòmíràn kì í rí. Màmá di ọwọ́ mi mú. Dókítà ní ọ̀pọ̀ tí ojú wọn ń ṣú ló ń rí i, wọ́n kàn ń fi í pamọ́ ni, torí orúkọ tí ayé lè sọ wọ́n. Ó béèrè bóyá wọ́n ń sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n ń pàṣẹ fún un, Màmá ní rárá. Ó yẹ àwọn oògùn tó ń lò wò, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe wèrè.

"Ọpọlọ ló ń bá ojú ríran, ìyá mi. Bí ojú ò bá gbé iṣẹ́ wá tó mọ́, ọpọlọ kì í jókòó lásán. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fúnra rẹ̀."

Màmá rò ó. "Bí ọmọṣẹ́ tí wọn ò gbé aṣọ fún, tó wá ń to àgékù pọ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa bá ẹlòmíràn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ó máa ń dín kù bó bá yá. Bí wọ́n bá dé, kó tan iná sí i, kó sì máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì. Ó wá béèrè bí àwọn àlejò náà ṣe rí, ṣé bàìbàì ni àbí kedere.

"Kedere ni. Mo ń rí ojú òwú lára kọ́là wọn." Màmá yíjú sí mi lójijì, ó wò mí títí, bí ẹni tó ń fi ojú mi wé tiwọn.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo ṣàlàyé. Obìnrin náà jókòó, ó ní bàbá òun rí ẹyẹ lára ògiri títí ó fi kú, àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ọ̀gá ilé-ìwé ni mo dé. Màmá kí i débi pé iṣẹ́ máṣíìnì mi dúró. Bí iṣẹ́ ṣe padà sọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Mo ti ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ó ní gírámà dókítà kò lè bá Màmá mọ ènìyàn yàtọ̀ sí àlá. Nígbà tó dé lópin ọ̀sẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ó gbé ìka lé ètè kí n má baà tú àṣírí. Àgbà tó ń dán ìyá rẹ̀ wò! Díẹ̀ ló kù kí n ju àlùmọ́gàjí lù ú.

Màmá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì.

"Wọlé, ìwọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi ò mira.

"Mo rí gbogbo bọ́tìnì ẹ̀wù ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ," Màmá wí. "Ìwọ, mi ò rí ojú rẹ rárá. Ẹni tí mo bá rí kedere ni kò sí níbẹ̀. Ìwọ wà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sì tún lè dúró sẹ́nu ọ̀nà mi tí kò ní kí mi, bí kì í bá ṣe ọmọ tí mo kẹ́ bàjẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Màmá fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀ bó ṣe ń wá etí aṣọ, ó ní ó ti rù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹrù kíkó. Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró, ó ń wo àwọn àga wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, èwo ni kò sẹ́ni lórí rẹ̀?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kó àwọn aṣọ ilé-ìwé kúrò lórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

"Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí," ó wí. "Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti lè rí ẹ díẹ̀."