Gbogbo Igun, Mítà Ni

Alájì Ṣàmsúdéènì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Ìkirè, nítorí pé ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé náà wà, wọ́n sì ti gbẹ́ yàrá kan wọnú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó kòkó sí nígbà kan. Ní àsìkò òjò ọdún 1994, Mọ́nsúrù ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi ní Asejire, pinnu láti tún yàrá náà ṣe fún un, nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí tààrà síta, bàbá kò sì ní máa gun àtẹ̀gùn mọ́. Ó fẹ́ kí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ògiri ká ní gíga ọwọ́, kí bàbá lè máa fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ibi bẹ́ẹ̀dì dé ibi àlùwàlá.

Alájì kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun lọ́wọ́. Ó gbà láti dán yàrá náà wò, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé, “Bí ọwọ́ mi bá fi lè họ níbì kan ṣoṣo, òkè ni mò ń padà sí.” Gbogbo ilé mọ̀ pé ìṣubú kẹta lè má ṣeé wò.

Adépọ̀jù, káfíńtà láti Àpòmù, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mọ́nsúrù ti ra pákó wá láti Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, nítorí pé kò ní ẹ̀gún tí yóò gún bàbá lọ́wọ́. Ìwé kékeré kan tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ bá pákó náà wá. Mọ́nsúrù kà á dé ìdajì, ó sì sọ fún káfíńtà kí ó tó padà síbi iṣẹ́ pé, “Bàbá Fúnmilọ́lá, gbogbo igun, mítà ni o.”

Mítà tí Adépọ̀jù mọ̀ ni èyí tó wà lára téèpù. Ó rò ó títí. Bóyá irú pákó yìí kì í fẹ́ kí èyí tó gùn wọ inú igun. Bóyá pákó oní-mítà kan ni kí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì igun kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́rin péré ni ó kà, kò sì fẹ́ bi ẹni tó kéré sí i léèrè ohun tó yẹ kí àgbà káfíńtà mọ̀. Ó wọn pákó, ó tún un wọ̀n, ó sì gé e ní mítà kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ igun.

Orí tó kọjú sí igun ni ó gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí igun férémù fótò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé méjì pàdé, ẹnu wọn là sílẹ̀. Igun ògiri náà ṣí ju bó ti yẹ lọ. Ó tẹ bébà mọ́ inú igun, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó sì fi ìlà ìṣẹ́po rẹ̀ darí ayùn. Ó gé e, ó gbé e wò, ó tún gé e, títí èékánná rẹ̀ fi kọjá lórí ojú ìpàdé láìkọ́ mọ́ nǹkan kan. Ó kun ẹ̀yìn pákó lọ́dà kí ọ̀rinrin abẹ́ ilé má baà mú un wú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mọ́nsúrù dé. Ó yin àwọn igun náà. Lẹ́yìn náà ni ó rí ojú àsopọ̀ lórí ògiri tó gùn, ó sì béèrè ìdí tí wọ́n fi gé odindi pákó.

“Ẹ̀yin lẹ ní gbogbo igun, mítà.”

“Mítà báwo?”

Adépọ̀jù na téèpù sí i. Mọ́nsúrù lọ mú ìwé náà, ó ka ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì yí ìwé padà. Àwòrán pákó méjì tó pàdé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Gígé tí ẹ gé igun yìí gan-an ni òyìnbó ń pè ní máítà,” ni ó wí. “Èmi ni mo pè é ní mítà. Mi ò ṣí ẹ̀yìn ìwé wò.”

Àṣíáwù, ìyá Mọ́nsúrù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní bí wọ́n bá da ìwé tí àwọn méjèèjì kà pọ̀, kò lè kún agolo mílíìkì.

Pákó ti tán. Adépọ̀jù mú sáńdípépà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀pá Alájì lórí àtẹ̀gùn. Mọ́nsúrù sáré lọ dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Alájì gbé ọwọ́ lé pákó, ó ń rìn. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan ojú àsopọ̀ àkọ́kọ́, ó dúró. Alájì fọwọ́ ra ibẹ̀, ó tẹ̀síwájú, ó dé igun, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ̀ kọjá. Ní ògiri kejì, ojú àsopọ̀ mìíràn tún kí i kí igun tó dé. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ta ló rò ó débi pé kí ó fi ìlà síbí?”

Alájì tún fi ìka ra ìlà náà.

“Igun ilé òkè, iwájú orí mi ló ń bá pàdé. Èyí ń sọ fún mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Mọ́nsúrù fẹ́ ṣàlàyé pé àṣìṣe ni, pé káfíńtà yóò fi sáńdípépà pa á rẹ́.

“Ẹni tó bá pa á rẹ́,” ni bàbá rẹ̀ wí, “kó múra àtigbé mi gun òkè.”

Adépọ̀jù ní, “Ẹ ṣeun, Alájì,” ó sì dá sáńdípépà padà sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Alájì ti ń yí yàrá náà ká lẹ́ẹ̀kejì. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń tọ pákó báyìí, ó sì ń béèrè ibi tí wọn yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí.