Ẹni Kan Ṣoṣo Tó Yege

"Jíjí wò," ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wí, ó sì ti lẹ́tà àjọ ìdánwò síwájú lórí tábìlì. "Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, Màdáàmù. Wọ́n ní gbogbo kíláàsì yín jí ìwé ara wọn wò."

"Ta ni wọ́n jí i wò lọ́wọ́ ẹ̀? Kọ̀ǹpútà?"

Obìnrin náà kò jókòó. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní físíìsì. Màdáàmù Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé kò sí ohun tó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. Ó mú lẹ́tà náà, ó kà á lórí ìdúró. Inú ń bí i débi pé ó ní láti ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Nígbà tí òrùlé láàbù ilé ẹ̀kọ́ já lulẹ̀, tí òjò sì ba gbogbo òṣùwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́, àjọ ìdánwò fúnra wọn ló fi láàbù orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, pé ibẹ̀ ni kí àwọn ọmọ ti ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe wọn. Wọ́n ní kí wọ́n wá dẹ́ńsítì ègé alumíníọ̀mù kan, kí wọ́n sì wá ti òróró. Ọmọ á fi máòsì fa ègé náà sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n á sọ bó ṣe wúwo tó. Á fà á sínú ìgò tí omi wà, omi á gòkè, á fi ìyẹn mọ ààyè tí ègé náà gbà. Á wá fi ààyè pín ìwúwo, dẹ́ńsítì nìyẹn, ó parí. Ti òróró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: á wọn ìgò nígbà tó ṣófo, á wọn ọ́n nígbà tí òróró wà nínú rẹ̀, á yọ ti ìgò kúrò.

Nínú láàbù gidi, ọwọ́ á gbọ̀n, omi á ta sílẹ̀, ojú á ṣì í wò, nọ́ńbà ẹni méjì kì í sì í sábà bára mu délẹ̀. Ṣùgbọ́n omi orí kọ̀ǹpútà kì í ta sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì rí 54.0 lórí òṣùwọ̀n, wọ́n rí 20.0 nínú omi, 2.70 ló sì ń jáde. Ẹni tó máàkì ìwé wọn rí nọ́ńbà kan náà lórí ìwé kan tẹ̀ lé èkejì, ló bá gbé báírò pupa, ó fún wọn ní òdo.

"Wọn ò tiẹ̀ ṣí nǹkan tí àwọn fúnra wọn fi ránṣẹ́ wò!" Màdáàmù Òṣùwọ̀n pariwo. "Ẹni tó jókòó tó ń máàkì yìí ò fojú kan láàbù náà rí!"

"Ẹ rọra. Àwọn akọ̀wé wà lẹ́yìn ògiri."

"Kí wọ́n gbọ́!"

Ọ̀gá nu iwájú orí. Ó jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ wàhálà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ̀nà tó bá gbà sá fún wàhálà ni wàhálà máa ń gbà wá bá a. "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀," ó ní. "Wọ́n gbà kí àwọn ọmọ tún un ṣe. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé, tí wọ́n bá ń tún un ṣe, kí ẹnì kan fi díẹ̀ kún un, kí ẹlòmíì yọ díẹ̀ kúrò. Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún wọn. Kó ṣáà lè jọ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn."

"Kó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Wọ́n kọ òótọ́, wọ́n pè wọ́n lólè. Kí n wá kọ́ wọn nírọ́ pípa kí wọ́n lè pè wọ́n lọ́mọ dáadáa. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn, Ọ̀gá?"

"Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin gan-an ń bínú sí," ọ̀gá ní, ohùn tirẹ̀ náà ti ń le bọ̀. "Nínú gbogbo kíláàsì, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún ní máàkì, ọmọ yín sì ni. Àwọn òbí tó ti gbọ́ ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹ fún ọmọ yín ní ìdáhùn sọ́tọ̀. Ẹ ka ìsàlẹ̀ ìwé yẹn dáadáa."

Ó kà á. Lóòótọ́, nọ́ńbà ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló dá wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ohun tó kọ: 53.8, 20.1, 2.68. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ọmọ yìí nìkan ló dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọn kì í jẹ́ kí olùkọ́ ka ìwé ìdánwò kó tó lọ, nítorí náà kò rí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti fa ègé alumíníọ̀mù yẹn sórí òṣùwọ̀n títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn ún, kò sì rí 53.8 rí.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n rán ẹni tó máàkì ìwé yìí wá," ó ní. "Kó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kó ṣe é fúnra ẹ̀ lójú gbogbo wa."

Ọmọ náà ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, ó sì ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Ó jọ pé ìròyìn máàkì rẹ̀ ti dé etí rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀."

"Báwo lo ṣe rí 53.8?"

Orin náà dúró. "Ẹ̀n?"

"Má bi mí ní 'ẹ̀n'. Báwo lo ṣe rí i?"

"Bí... bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e wá ni."

"Irọ́!" Ìyá ju báàgì sórí àga. "Kọ̀ǹpútà yẹn ò lè gbé e wá láéláé. Wò mí lójú."

Ọmọ náà ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa. Ó nu ọwọ́, ó nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. "54.0 ni mo rí," ó sọ níkẹyìn. "Bíi ti gbogbo wọn. Mo wá rí i pé nǹkan kan náà ni gbogbo wa ń kọ. Ẹ̀yin lẹ sì máa ń sọ ọ́ nínú ilé yìí, Mọ́mì. Ẹ ní tí ẹ bá ń máàkì, tí ìwé méjì bá ti bára mu dé orí nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan jí i wò. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa rò nípa wa nìyẹn. Mo bá yí tèmi padà."

"O mọ̀. O ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún yín, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n yí i?"

Inú ń bí ìyá sí ọmọ náà, ó ń bí i débi pé ọwọ́ ń yún un láti fọ́ ọ létí. Inú sì ń bí i sí ara rẹ̀, nítorí òótọ́ ni pé òun ló sọ ọ́. Ó máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín nídìí oúnjẹ, tó bá ń fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mi ò gba ti ẹnì kankan mọ́ ọn lọ́wọ́," ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀. "Máàkì yìí ni yunifásítì ń dúró dè. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, ọdún kan gbáko ni màá fi jókòó sílé. Ẹ bá àwọn yòókù jà, Mọ́mì, ẹ gba tiwọn fún wọn. Ẹ ṣáà má dárúkọ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kúrò níwájú mi," ìyá rẹ̀ ní. "Lọ sí yàrá ẹ kí n tó ṣe ohun tí mo máa kábàámọ̀."

Ọkùnrin tó máàkì ìwé náà dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àjọ ìdánwò ló rán an wá. Àgbàlagbà ni, ó wọ awò ojú, ó sì wọ yàrá kọ̀ǹpútà bí ẹni pé wọ́n fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Àwọn ọmọ kíláàsì náà ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ Màdáàmù Òṣùwọ̀n dúró sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń máàkì físíìsì," ọkùnrin náà ní kó tó kí ẹnikẹ́ni. "Tí mo bá rí ìwé tí wọ́n jí wò, mo mọ̀ ọ́n."

"A gbọ́, sà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Ó fa ègé alumíníọ̀mù sórí òṣùwọ̀n: 54.0. Ó fà á sínú omi: 20.0. Ó ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó máa jáde. Ó wúkọ́. "Bóyá mo yára jù." Ó tún un ṣe, ó rọra ń fa máòsì náà, ó di èémí mú bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí omi má ta sí òun láṣọ. 54.0. Ó dìde, ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn. 54.0.

"Ẹ̀yin náà ti jí i wò nìyẹn, sà," Màdáàmù Òṣùwọ̀n ní. "Ṣé òdo ni kí n fún yín?"

"Màdáàmù!" ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kígbe.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ọkùnrin náà ní. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mo ṣe àṣìṣe. Wọn ò sọ fún wa pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí."

"Ẹ ò bèèrè."

"A ò bèèrè." Ó mú báírò rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n dá máàkì gbogbo kíláàsì padà, ó fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ hó yèè. Ọ̀gá ló pàtẹ́wọ́ jù, àfi bí ẹni pé òun ló ja ìjà náà. Ọkùnrin náà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rere kẹ́yìn òun, ló bá gbé ọwọ́ sókè. "Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nínú yín tó wú mi lórí. Èyí tó rí 2.68 yẹn. Ó fara balẹ̀, ó fojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ti wò ó bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣe. Orí ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan síhà ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà nìkan ni kò tíì yé. Ó ń ti awò rẹ̀ bọ inú àpò. Ó ti yé ọ̀gá, ó sì ti di ọkùnrin náà lápá mú: "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọ́fíìsì, sà, ẹ mu nǹkan tútù."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹ́ kọjá lọ nìyẹn. Màdáàmù Òṣùwọ̀n rí i bó ṣe ń kọjá lọ. Ọmọ rẹ̀ mi orí sí i láti ọ̀ọ́kán, díẹ̀ báyìí: ẹ jọ̀ọ́. Yunifásítì ń bẹ níbẹ̀, ọdún kan gbáko ń bẹ níbẹ̀, gbogbo ohun tó ní láti ṣe kò ju kó pa ẹnu mọ́. Inú wá bí i ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Ó ń bí i sí ọkùnrin yìí, tó wò ó títí tí kò sì rí nǹkan kan. Ó ń bí i sí ọ̀gá àti nǹkan tútù rẹ̀. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé ẹnu òun náà ti wúwo.

"Ẹ má tíì lọ, sà," ó ní. "Ó ku ẹnì kan."

Ó fa àga jáde nídìí kọ̀ǹpútà. Ó wo ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. "Wá jókòó."

"Mọ́mì..."

"Olùkọ́ ẹ ni mí níbí. Wá jókòó."

Ọmọ náà wá. Ó fa ègé náà sórí òṣùwọ̀n, 54.0 sì jáde síta gbangba. Ọkùnrin náà yọ awò rẹ̀ nínú àpò padà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyá gbọ́wọ́ sókè, kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó gbé ìwé tí wọn ò kọ nǹkan sí síwájú ọmọ rẹ̀, ó gbé báírò lé e.

"Kọ ohun tí o rí," ó ní. "Kọ èyí tí o kọ fún wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí o sì fọwọ́ sí i. Tí o bá ṣe tán, gbé e fún mi. Èmi náà máa kọ ibi tí o ti kọ́ ọ, màá sì fọwọ́ sí tèmi."

Ọmọ náà wò ó lójú, ó rí i pé ẹ̀bẹ̀ ti tán. Ó mú báírò. Ìyá rẹ̀ fa àga mìíràn, ó jókòó tì í, ó ń dúró kó kàn án.