Àyè Aago Mẹ́rin

Ọkọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ síbì kan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣètò àkókò ọkọ̀ ojú irin: ìgbà tí èyí yóò gbéra, ìgbà tí tọ̀hún yóò dúró dè é, kí wọ́n má bàa forí gbárí. Bàbá Ìṣẹ́jú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, èmi àti oúnjẹ àti omi ìwẹ̀ la di ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. Bí oúnjẹ bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, á wo aago, á wò mí, á tún wo aago. Èmi náà á ní kó fọn fèrè.

Nítorí náà, nígbà tó ní òun fẹ́ ká lọ fi ọjọ́ mẹ́rin wo ìlú kan lókè òkun, ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì kò dé rí, mo ti mọ̀ pé tábìlì ìjẹun wa ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ máàpù ìlú náà sórí rẹ̀, ó gbé rúlà lé e, ó fi pẹ́ńsùlù há etí. Ó ní ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀ lòun fẹ́ lọ wò, pé ọgbọ̀n ọkọ̀ ló ń wọ ibẹ̀ láàárín wákàtí kan, tí ọ̀kan kì í pẹ́. Mo ní ó dáa. Kò sọ pé ìlú náà ni ọmọ wa obìnrin wà. Èmi náà kò sọ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ bá a wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ awò ojú lókè òkun. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde kó má wẹ̀yìn mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́ kò ṣeé kó. Ọmọ gbé báàgì rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn lóòótọ́. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, à á fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ti ọkọ mi ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. "Ọmọ ẹ" ló ń pe ọmọ náà, bó bá tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, bí ẹni pé mo gbé e wá láti ilé bàbá mi. Bí ọmọ bá sì pè mí láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọkọ mi á gbé korobá, á jáde lọ bomi rin òdòdó, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú ìrìn àjò náà: kí àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì kan kí n tó kú. Ọmọ ti ní òun ò ní wá ẹnikẹ́ni lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, pé bàbá òun mọ ṣọ́ọ̀bù awò ojú tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá, láìjẹ́ pé mo bi í, ti ní àgbàlagbà kì í lọ síbi tí wọn ò pè é sí. Èmi ni wọ́n fi ṣe afárá, kò sì sí ẹni tó gba orí mi kọjá.

Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ ọkọ mi tó ń kọ́ni ní èdè ìlú náà. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já, mo rò pé àlòkù ló rà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ebi ń pa mí, ibo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ẹ gbà mí o, gbólóhùn kan péré ló ń tún sọ ní balùwẹ̀. Mo ṣí ìwé náà wò, mo rí i: "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ máa ń tilẹ̀kùn?" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Mo ní, "Bàbá, ebi ló máa pa yín níbẹ̀ o, àmọ́ ẹ máa mọ ìgbà tí wọ́n tilẹ̀kùn."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tó parí ètò náà, ó lọ gẹrun, mo sì wo bébà tó fi sílẹ̀. Ó fi ìlà pín ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Túsìdeè sí Fúráìdeè. Aago méje, jíjí. Méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, tíì. Ó fún ibùdókọ̀ ní odidi àárọ̀ méjì, ó fún afárá ńlá ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Àmọ́ lójoojúmọ́, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di méje, kò sí nǹkan kan. Òfìfo. Wákàtí méjìlá ló wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe.

Kọ́tìnì ni mò ń rán. Nínú iṣẹ́ tiwa, aṣọ tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣòfò; bí kò bá tó fèrèsé, á tó ìrọ̀rí. Mo mú báírò, mo dí gbogbo ihò náà. Ọjọ́ kìíní, ọgbà òdòdó. Ọjọ́ kejì, ọjà aṣọ. Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ kẹrin, ọjà aṣọ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mo mọ ara mi. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Nígbà tó dé, ó wo bébà náà pẹ́. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ èsì tí mo máa fún un. Ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ní, "Ó ti kún. Jẹ́ ká fi ìrìn àjò yìí sílẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi í ṣẹlẹ́yà, mo tún bẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó yí i padà. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní balùwẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Afọnfèrè ló là mí lójú. Òun ló máa ń fọn fèrè kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra nígbà tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó yà kí wa lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi ò sí nílé, mo bá mú bébà náà jáde, mo ní kó gbà mí ní ìdájọ́. Ó wo báírò mi, ó dìde dúró.

"Ta ló kọ nǹkan sínú àyè ọ̀gá?"

"Èmi ni. Àyè wo?"

"Ìyàwó wa, ẹ ti bàlú jẹ́." Ó tún jókòó. "Ẹ gbọ́. Bí ọ̀gá bá ń ṣètò ọkọ̀, á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀, kí ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ lójú ọ̀nà lè ríbi lé àkókò rẹ̀ bá. Àyè là ń pè é. A kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bí awakọ̀ bá fi lè mọ̀ pé àyè wà, á ti jẹ ẹ́ tán kó tó débẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní sọ."

"Ibo ni wọ́n wá ń fi í sí?"

"Ibi tí ọkọ̀ ò ti gbọdọ̀ já èèyàn kulẹ̀. Bí ọ̀gá bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin síbì kan, gbogbo wa la máa ń múra gírí." Ó tún wo bébà náà. "Wákàtí mẹ́ta? Mi ò rírú ẹ̀ rí. Kí ló wà níbẹ̀ láago mẹ́rin?"

Mo ní mi ò mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu mi, ọkàn mi ti lọ sí balùwẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tẹlifóònù dún, ọkọ mi gbé korobá. Mi ò tiẹ̀ kí ọmọ mi dáadáa.

Mo ní, "Aago mélòó lẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù yín?"

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà?"

"Kí ni 'ẹ̀yin náà'?"

"Ẹnì kan wà tó máa ń pe ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Èdè ibí ló fi ń béèrè, gbólóhùn kan náà, bí ẹni ń kàwé. Màá ní aago mẹ́rin. Á ní ẹ ṣé. Á gbé e sílẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì."

"O sì mọ ohùn ẹ̀?"

"Ta ni ò ní mọ ohùn bàbá ẹ̀? Mi ò kì í jẹ́ kẹ́lòmíì gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn, Màmá."

Inú bí mi. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà sí, Mọ́ńdè sì ni mo máa ń gbé kọ́tìnì lọ fáwọn oníbàárà mi. Ọdún méjì! Èmi tí mò ń gbàdúrà, tí mò ń sunkún, àwọn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo bínú sí èyí tó wà lókè òkun, mo bínú sí èyí tó wà níta tó ń rẹ òdòdó pa. Ayọ̀ sì wà nínú ìbínú náà, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo ní, "Ọ̀la ni Mọ́ńdè àkọ́kọ́. Bó bá pè, èdè wa ni kó o fi dá a lóhùn."

"Bí ò bá wá pè ńkọ́?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ wá rúlà bàbá ẹ̀.

Aránṣọ tó bá rán nǹkan sódì, títú ló ń tú u. Mo mú bébà tuntun, mo fi rúlà fa ìlà bíi tirẹ̀, mo da gbogbo ètò rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀, aago mẹ́rin sí méje sì wà lófìfo. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé ẹrù kọ́tìnì, mo ní ó dàbọ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, mo sì dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń tẹ nọ́ńbà. Ó béèrè gbólóhùn rẹ̀, ó pè é dáadáa. Ó yẹ kó ní ẹ ṣé lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ti já.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Èdè wa ni. "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó. "Rárá, ara mi yá. Ìwọ ńkọ́?"

Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n lò. Mo wo aago, ó ti kọ́ mi. Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bi mí pé kí ni mò ń fi kọ́tìnì ṣe níbẹ̀. Bébà tuntun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó tún un nù.

Ó ní, "Aago mẹ́rin ni wọ́n ń tì."

Mo ní, "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ wa ni. Ó ní ká má jẹun wá o."