Ìrẹ̀ Tí Dókítà Gbénró Jẹ

Ó pẹ́ tí mo ti ń pe Gbénró ní ọ̀gá, tí mò ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tí inú mi sì ń hó bí omi ẹ̀bà. Èmi àti ẹ̀ la jọ kàwé nílẹ̀ Gíríìsì. Ó ń sùn nínú yàrá ní tiẹ̀. Èmi Ràdíátù, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ni mò ń gun òkè láti erékùṣù kan dé òmíràn, tí mò ń wá tata àti ìrẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ò níyẹ̀ẹ́ tó lè gbé e kọjá òkun, nítorí náà erékùṣù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ ò lè rí níbòmíràn láyé. Èmi ni mo ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, ìrẹ̀ dúdú kan tó ní òrùka funfun lọ́rùn, lórí òkè kan ṣoṣo.

Àìsàn dá mi dúró sílé ìwòsàn nígbà tí Gbénró ń bọ̀ nílé. Mo ní kó bá mi gbé iṣẹ́ mi dání. Kí n tó délé, iṣẹ́ mi ti di ìwé, orúkọ Gbénró ló wà lára ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di dókítà, wọ́n fi jọ̀gá ọ́fíìsì tó ń yẹ ẹrù wò bóyá kòkòrò wà nínú ẹ̀ ní wáàfù Àpápá. Èmi tí mo pariwo, wọ́n ní ìlara ló ń ṣe mí. Nígbà tí ebi fẹ́ pa mí, abẹ́ ẹ̀ náà ni mo ti ríṣẹ́. Bí àlejò bá dé, èmi ló ń rán lọ sídìí sítóòfù.

Ìyá mi, tó ń gbé ní Boundary l'Ájégúnlẹ̀, ní kí n gbàgbé. "A kì í ru ẹran erin lérí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. O ríṣẹ́, o bímọ. Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Màámi, ìrẹ̀ yẹn gan-an lẹran erin mi," ni mo fi dá wọn lóhùn.

Lọ́dún 1992, ọkọ̀ kan gbé òkúta mábù dé láti Gíríìsì. Ibi tí mo ti ń yẹ koríko gbígbẹ tí wọ́n fi di òkúta náà wò ni mo ti gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀. Mo tú koríko, mo rí àwọn ìrẹ̀ dúdú mi, òrùka funfun lọ́rùn! Mo kó gbogbo wọn sínú garawa, mo dé e, mi ò sọ fẹ́nì kankan.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Gbénró ń retí Ọ̀jọ̀gbọ́n Eléni, ìyá àgbà kan tó ń bọ̀ láti Gíríìsì. Wọ́n fẹ́ fún Gbénró níṣẹ́ ńlá lọ́hùn-ún nítorí ìwé yẹn. Bó bá fi lè lọ, orúkọ mi ti sọnù títí ayé nìyẹn.

"Ràdí, wá nǹkan panu tó make sense fún màmá yìí o," ni Gbénró wí. "Kó jẹ́ ti ìbílẹ̀."

"Kò sí wàhálà, ọ̀gá."

Mo ṣí garawa, mo fa ìfun àwọn ìrẹ̀ náà yọ, mo fi iyọ̀ àti ata dín wọn. Mi ò yọ orí, mi ò yọ ọrùn. Mo fẹ́ kí òrùka yẹn máa wo Gbénró lójú.

"Haa, ìrẹ̀! Ó tó'jọ́ mẹ́ta!" Gbénró ju ọ̀kan sẹ́nu, ó ju òmíràn. Ó ń rún un wóróró, ó ń sọ fún àlejò bó ṣe ń wa ìrẹ̀ ní kékeré. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú tírè lọ́wọ́, inú mi ń dùn kọjá bó ṣe yẹ.

Màmá náà mú ọ̀kan nínú àwo, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n fìka kan òrùka funfun tó wà lọ́rùn ẹ̀.

"Dókítà, kí lẹ̀ ń jẹ yìí?"

"Ìrẹ̀ ilẹ̀ wa ni, mà. Ó kún inú oko."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síwèé pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i láyé. Ẹ ò wá dá a mọ̀?"

Gbénró wo àwo, ó wò mí. Èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu.

"Kò lè dá a mọ̀, mà," ni mo wí. "Kò rí i rí. Èmi ni mo gun òkè yẹn. Abẹ́ òkúta tó yí kànga gbígbẹ ká ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í ké bí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́."

Màmá yíjú sí mi. "Ẹni tó gun òkè yẹn nìkan ló lè mọ èyí. Mo gbà ọ́ gbọ́. Orúkọ rẹ ni yóò wà lára ìwé náà."

Mo gbé àwo sún mọ́ Gbénró. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní jẹ sí i ni?"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Iná jó òkè yẹn lésìí. A wá ìrẹ̀ yìí títí, a ò rí ẹyọ kan. Torí ẹ̀ ni mo fi wá bá Dókítà." Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé itan. "Àwọn tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Níbo lo kó wọn sí?"

Mo sọ fún wọn pé gbogbo wọn ni mo dín.