Òwú Tí Mo Tà fún Àwẹ̀ró

Ọjọ́ tí Pásítọ̀ Adéògún kéde pé Àwẹ̀ró ni yóò ka Bíbélì ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá, mo pàtẹ́wọ́ bí gbogbo ìjọ ti ń pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ẹni tó bá wo eyín mi lọ́jọ́ náà yóò rò pé èmi ni wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n inú mi ń ta mí bí ẹni tó jẹ ata sórí ọgbẹ́ inú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Accra níbí ni wọ́n bí mi sí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo ti ń dá A àti B mọ̀, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá mi kó wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ ilé ìwé fún mi mọ́. Nígbà tí mo di ìyàwó, ọkọ mi mú mi padà wá sí Ashaiman tó wà lẹ́bàá Accra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ta òwú lọ́jà: òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, síìpù. Àwọn aránṣọ ni oníbàárà mi.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo dé ni mo ti wọ ìjọ àwa Yorùbá tó wà lẹ́yìn ọjà. Ó di ọdún méjìdínlógójì báyìí, n kò sì kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn kan ní kí n wá sọ́dọ̀ wòlíì àwọn tó ń ta omi àdúrà, n kò lọ. Nígbà tí iná jó ìsọ̀ mi, aṣọ tó ń rùn fún èéfín ni mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe pé mo ń ka iṣẹ́ mi fún Ọlọ́run. Rárá, irọ́ ni mo ń pa yẹn. Mo ń kà á fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ kí n dìde lọ́jọ́ kan, kí n dé iwájú ìjọ, kí n ṣí Ìwé Mímọ́, kí n sì fi ojú ara mi kà á sókè. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wọ kíláàsì àwọn àgbà nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún. Ọlábùnmí ló ń kọ́ wa ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọmọ tí kò tó ọmọ mi Olúwarẹ̀mílẹ́kún lọ́jọ́ orí. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta gbáko kí n tó lè ka ojú ewé kan láìfi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oṣù mẹ́jọ ló gba Àwẹ̀ró ní kíláàsì kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi ni Àwẹ̀ró. Ọdún kan náà ni àwa méjèèjì wọ ìjọ. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó bá ọkùnrin kan tó níyàwó nílé lọ sí Tema, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé Ọlọ́run mọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí a bá pàdé níbi tí a ti ń wọ trotro, á pariwo láti ojú fèrèsé ọkọ̀ pé, "Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún! Bá mi kí Jésù o! Sọ fún un pé mo ń bọ̀!" Gbogbo ọkọ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á wá lọ gbààwẹ̀ fún un. Kò sí ọdún kan tí n kò gbààwẹ̀ fún Àwẹ̀ró.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àìsàn dá a wó, ó dìde, ó sì padà wá. Ọjọ́ tó wọlé, ìjọ hó yèè. Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹkún òtítọ́ ni. N kò mọ̀ pé ayọ̀ lè kan bí ọbẹ̀ àná.

Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí, ó jẹ́rìí, gbogbo èèyàn nu ojú. Wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ta ló ní kí èmi wá jẹ́rìí rí? Kí ni mo sì fẹ́ sọ? Pé mo wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún wá lọ́sẹ̀ yìí?

Ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí wọ́n kéde ọ̀rọ̀ náà, Fàrídà ló kọ́kọ́ rí mi. Mùsùlùmí ni, Yorùbá ni bíi tèmi, òun ló ń ta ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, ní ìsọ̀ tó fara kan tèmi.

"Màmá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Láti àárọ̀ lẹ ti ń kó òwú pupa sínú àpótí òwú búlúù. Ẹni kan ló ṣẹ̀ yín."

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí ọṣẹ rẹ̀.

"Nítorí ìwé kíkà lásán? Ṣé bí òun bá kà á, etí Ọlọ́run á di sí tiyín ni?"

"Kò lè yé ọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà níbẹ̀."

"Ó yé mi dáadáa. Ẹ gbààwẹ̀ kó lè padà, ó padà, ẹ wá ń bínú pé ó padà. Màmá, ààwẹ̀ yín ti lágbára jù!"

Mo ní kó máa wo ọṣẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Àwẹ̀ró wá. Ó gbé Bíbélì lọ́wọ́, Bíbélì àtijọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì fún un, irú èyí tí wọn kò fi àmì ohùn sí púpọ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi bó ṣe máa ń ṣe.

"Mo fẹ́ ra òwú funfun tí màá fi ṣẹ́ etí aṣọ mi fún ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá mi wo nǹkan. Òfin Mẹ́wàá ni Pásítọ̀ fún mi láti kà. Mo ti mọ̀ ọ́n tán, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ibí yìí, níbi tí wọ́n ti sọ irú Ọlọ́run tó jẹ́. Ọlọ́run... kí nìyí? Òwú? Ọlọ́run òwú?" Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo òwú tó so rọ̀ lókè orí mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Àṣé ẹ̀yin tí ẹ ń ta òwú ni Mósè ń bá sọ̀rọ̀!"

Mo tẹjú mọ́ ìwé náà. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kí n tó mọ lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọdún tí Àwẹ̀ró fi wà ní Tema, ẹnu pásítọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: Ọlọ́run owú. Ọlọ́run tó ń jowú nítorí àwọn èèyàn rẹ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òrìṣà kankan lọ. Ẹni tó bá ti ń jókòó síbẹ̀ kò lè ṣì í kà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nìkan ló lè ṣì í.

"Òwú ni," mo ní.

"Kí ló wá túmọ̀ sí?"

"Òun ló rán ayé pọ̀. Bí ẹni ń rán aṣọ." N kò mọ ibi tí irọ́ náà ti wá, ó kàn ń yọ lẹ́nu mi bí òwú tó ń tú.

Àwẹ̀ró mirí. "Ẹ̀n-ẹ́n, ó dùn o." Ó gba òwú funfun rẹ̀, ó dìde. "Ọ̀rẹ́ mi, bí kì í bá ṣe tìrẹ, ǹ bá lọ sọ ara mi di ẹni yẹ̀yẹ́."

Mo ní kó má dúpẹ́.

Ní kíláàsì Ọjọ́bọ̀, Ọlábùnmí ní kí Àwẹ̀ró wá kà á kí òun gbọ́. Mo fẹ́ kó kà á, kí ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀. Mo tún fẹ́ kó má kà á. Àwẹ̀ró ní, "Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ti bá mi wò ó."

Ọlábùnmí pa ìwé dé. "Tí Màmá bá ti wò ó, ó parí. Ta ló mọ̀ ọ́n tó wọn nínú ìjọ yìí?"

Mo ti ń retí ìyìn látọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ tó dé, n kò lè gbé e mì.

Ọjọ́ Sátidé, mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ilé Àwẹ̀ró kò jìnnà, bí mo bá fẹsẹ̀ rìn, oòrùn kò ní tíì yí kí n tó débẹ̀. Mo gbé ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gba ilé mi lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé kún. Àwẹ̀ró wọ aṣọ funfun, mo rí òwú mi ní etí aṣọ náà. Ó rìn síwájú, ó ṣí ìwé, kò fìka tọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ dún ketekete. Kò kọsẹ̀, kò dánu dúró. Bí ó ti ń dára tó ni owú ń gbóná sí i nínú mi, ìbẹ̀rù náà sì ń gbóná, n kò mọ èwo ni èwo mọ́. Mo ní, màá dìde báyìí. Mo jókòó síbẹ̀.

Ó dé ibẹ̀. Ó kà á sókè, pẹ̀lú ìgboyà: Ọlọ́run òwú.

Àwọn àgbà tó wà ní apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá wọn kò pọ̀, ń fi èdè Twi bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró dúró. Ojú mi ló ń wá. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí n mirí fún òun pé òun kà á bó ṣe yẹ.

Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Kò tíì pẹ́ tó padà dé! Tema ni wọ́n ti ń sin ọlọ́run yẹn!"

Ẹ̀rín di ariwo. Mo rí i bí ojú Àwẹ̀ró ṣe já wálẹ̀ bí aṣọ tó jábọ́ lórí okùn.

Mo dìde. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń rí ara mi lójú inú tí mo ń rìn lọ síwájú ìjọ yẹn, n kò rí i báyìí rí. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ Àwẹ̀ró, mo yíjú sí wọn.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òun ló ṣì í. Ó bi mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa irọ́ fún un. Owú ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó wà nínú mi."

Àwẹ̀ró wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìwé rẹ̀, ó tún ẹsẹ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pe owú bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Ó kà á parí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá.

"Màmá, ẹ lọ jókòó," Pásítọ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Lọ́sẹ̀ náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé n kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ikú ọkọ mi kò lé mi, iná kò lé mi, ìtìjú ló fẹ́ lé mi. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Ashaiman tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Ní ọjọ́ Sátidé mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, n kò lè ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí Àwẹ̀ró padà wá. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ló gbà wọlé, lójú gbogbo èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Mo ti ń rò pé dídúró bíi tèmi nìkan ló ṣòro, n kò ronú kan ìpadàbọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sí ìjókòó mi, ojú sì ń tì mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àwẹ̀ró kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó dúró síwájú ìsọ̀ mi.

"Fún mi ní òwú funfun kan. Òwú ni mo wí o. Owú tìrẹ, fi í pamọ́ fún ara rẹ."

Fàrídà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi kò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, mo ṣe méjèèjì.

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ṣé ó ṣì kù nínú rẹ?"

N kò fẹ́ pa irọ́ mìíràn fún un. "Ó kù."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí àpótí mi, ó sì yọ Bíbélì àtijọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú pẹ́ńsù. "Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì pọ̀ nínú ìwé yìí. Etí rẹ ti gbọ́ gbogbo wọn, tèmi kò gbọ́. Máa pè wọ́n, kí n máa fi àmì sí wọn. Bí o bá tún tàn mí, tí mo bá lọ dójú ti ara mi lẹ́ẹ̀kejì, n ó ju gbogbo òwú yìí sínú gọ́tà."

A bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. N kò tíì ka Bíbélì níwájú ìjọ títí di òní. Pẹ́ńsù rẹ̀ ń sáré lórí ìwé, ó yára ju bí mo ṣe lè kọ nǹkan lọ, ó sì ń dùn mí. Mo pe ọ̀rọ̀ tó kàn fún un, bó ṣe rí gan-an.