Ìkúnlẹ̀ Lórí Táyà Kan

Ohun tó máa ń gbé Mutmainah ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà kan kì í ṣe òkúta, kì í ṣe yanrìn, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù. Ìkíni ni.

Á máa lọ jẹ́jẹ́ lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, ojú rẹ̀ á wà lọ́ọ̀ọ́kán, apá rẹ̀ méjèèjì á là bíi ti lékèélékèé. Àfi kí àgbàlagbà kan yọjú lójú ọ̀nà, kó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o." Orúnkún rẹ̀ á ti tẹ̀ kó tó rò ó. Ibi tó bá ti ń wí pé "Ẹ ṣé, mà," kẹ̀kẹ́ á ti yọ lábẹ́ rẹ̀, òun náà á ti wà nílẹ̀.

Dámiláre, tó ń kọ́ òun àti àwọn mìíràn ní kẹ̀kẹ́ náà, á di ikùn mú fún ẹ̀rín.

"Mutí, ta ló tọ́ ẹ?"

"Ìyá àgbà mi ni, ní Ẹ̀pẹ́."

"Wọ́n tọ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà kan ò lè gbé irú ẹ̀kọ́ ilé yìí."

Àgbàlá kan ní Ìgbògbò, níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ó ku ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Inú fóònù ni Dámiláre ti kọ́ tirẹ̀. Ó ń wo àwọn tó ń gùn ún nílẹ̀ òkèèrè, ó ń ṣubú, ó tún ń wò, títí eyín iwájú rẹ̀ kan fi kán, tí ara rẹ̀ sì gbọ́n. Mutmainah ní tirẹ̀, irun ló ń dì ní ìdíkọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló ń dúró lẹ́yìn orí olórí, tí wọ́n ń ro ẹjọ́ ọkọ àti ẹjọ́ ìyá ọkọ sí i létí. Lórí kẹ̀kẹ́ yìí, kò sí àyè fún ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá ro nǹkan mìíràn, ilẹ̀ lo máa bára rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìdí tó dùn ju ìyẹn lọ, kó wá a lọ síbòmíràn.

Kí orúnkún rẹ̀ lè yé dà á, Dámiláre kó àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n tò yí àgbàlá ká, kí wọ́n máa kí i.

"Ẹ káàárọ̀ o!"

Gbì, ó ti wà nílẹ̀.

"Ẹnu ni kó o fi dáhùn!" Dámiláre á pariwo. "Má fẹsẹ̀ dáhùn!"

"Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀! Ẹ kú ọ̀fọ̀ o!"

"Ta ló kú?" ni Mutmainah bi wọ́n, ẹ̀rín sì tún gbé e ṣubú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Kí Iléyá tó dé, bí o bá kí i títí ohùn rẹ fi há, ètè rẹ̀ nìkan ni yóò mì. Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ọdún. Ó fẹ́ kí Ìyá Àgbà rí i. Kúlúsúmù lorúkọ Ìyá Àgbà, àwọn ló sì tọ́ ọ láti ìgbà tó ṣì ń rá, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹja ni wọ́n fi tọ́ ọ. Wọ́n ru ẹja láti etí ọ̀sà dé ọjà títí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbé e mọ́, wọ́n wá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń yan ẹja fún àwọn tó ń rà á lọ tà.

Àwọn èèyàn ń ti Yídì bọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀nà kún. Mutmainah gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba àárín wọn kọjá nínú aṣọ ọdún. Mọ́ṣúdù, àbúrò Ìyá Àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n rí i, wọ́n na ọwọ́ sókè.

"Mutmainah! Ọdún á yabo o!"

"Àmín, sà! Ẹ kú ọdún, sà!"

Ẹnu nìkan. Orúnkún rẹ̀ ò mì. Ó kọjá lára wọn gbọọrọ, orí rẹ̀ ga ju fìlà wọn lọ. Inú rẹ̀ dùn pé òun ò ṣubú. Àfìgbà tó dé iwájú ilé tó rí ojú Ìyá Àgbà.

Wọn ò bú u. Wọ́n kàn wo ẹja orí ààrò, wọ́n ní, "Ọmọ tí mo tọ́ ń kí àgbà láti òkè." Wọ́n bá wọlé.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti kúnlẹ̀, oríkì rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e dìde: "Àwẹ̀ró mi, dìde." Kò sẹ́lòmíì láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá wá pe fóònù báyìí, Bàbá Kékeré ni wọ́n máa gbé e fún láìwí nǹkan kan. Á máa gbọ́ bí iná ṣe ń ta pàrà lábẹ́ ẹja, á mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, pé wọ́n ń gbọ́.

Ó lọ bẹ̀ wọ́n. Ó kúnlẹ̀ sínú yàrá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú tipiri. Ìyá Àgbà ń ka tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré ló pè é jáde sẹ́yìnkùlé.

"Ní tèmi o, mi ò bínú," ni Bàbá Kékeré wí. "Mo tiẹ̀ rò pé o fẹ́ wó lù mí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ìta lo ti dójú ti àwọn, inú yàrá lo wá ń kúnlẹ̀ sí."

"Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà, Bàbá Kékeré. Tí mo bá kúnlẹ̀, mo máa ṣubú."

"Mo wí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní báàfù ẹja tútù wà lórí àwọn, omi wà nínú ẹ̀, orí pákó etí ọ̀sà tó ń yọ̀ sì ni, àwọn kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ àwọn, omi ò kán sílẹ̀. Wọ́n ní kí nìwọ rù?"

Mutmainah wo kẹ̀kẹ́ tó fi ti ògiri.

"Gbọ́ tèmi," ni Bàbá Kékeré wí. "Ju irin yẹn sọ́sà. Wá kúnlẹ̀ níta kí gbogbo àdúgbò rí ọ. Ó parí."

Nínú ọkọ̀ tó gbé e gba Ìtóìkín padà sí Ìkòròdú, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé itan, ó ń rò ó. Òótọ́ ni, ó lè jù ú nù. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò sọ báàfù kalẹ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Wọ́n ru ẹrù, wọ́n sì kúnlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni bíni là á jọ. Agídí kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Dámiláre ní àgbàlá. "Mo fẹ́ kúnlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́."

Dámiláre wò ó. "Ṣé kì í ṣe pé orí lo fi ṣubú lánàá?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré."

Dámiláre ronú. "Ìkúnlẹ̀ kọ́," ó ní. "Àmọ́ nǹkan kan wà tó fara jọ ọ́. Èmi pàápàá, mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa."

Kẹ̀kẹ́ onítáyà kan kì í dúró bí òkúta. Bí o bá fẹ́ dúró lójú kan, àfi kí táyà máa lọ síwájú díẹ̀, kó máa padà sẹ́yìn díẹ̀, láìsinmi, bí abiyamọ ṣe ń mì tó bá ń rẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lára, o wá gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò lórí pẹ́dàlì, o ká a, o fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé irin tó wà lókè táyà. Orúnkún ìyẹn á yọ síwájú. Bí o bá wá tẹ orí àti àyà rẹ ba, ó jọ ìkúnlẹ̀. Ó kéré tán, ó jọ ti ẹni tó ń gbìyànjú.

Ó ṣubú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwúrọ̀. Orúnkún kan náà ló ń fi lélẹ̀. Egbò á fẹ́ jiná, á tún bó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Benson rí i bó ṣe ń tiro.

"Ṣé ọkọ ló ń lù ẹ́ ni?"

"Mi ò lọ́kọ. Kẹ̀kẹ́ ni."

"Kẹ̀kẹ́ wo ló ń gbá èèyàn lórúnkún lójoojúmọ́? Sọ òótọ́, jàre."

Lọ́jọ́ kan tó jókòó sílẹ̀ nínú àgbàlá, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí orúnkún rẹ̀, ló rántí báàfù kékeré. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Ìyá Àgbà máa ń bu omi sí i, wọ́n á gbé e lé e lórí, wọ́n á ní kó rìn. Omi náà á máa fì, òun náà á máa fọrùn lé e kiri, á sì dà á sára. Ìyá Àgbà á ní, "Má bá omi jà. Tó bá ní òun ń lọ sọ́tùn-ún, jẹ́ kó lọ. Ó ń padà bọ̀. Ìwọ ṣáà má yẹ̀."

Ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́. Ó jẹ́ kí táyà lọ. Ó padà bọ̀. Ó jẹ́ kó tún lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó ká a, táyà ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Dámiláre, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fi dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá Àgbà wà níwájú ilé nídìí ààrò, Bàbá Kékeré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Àdúgbò ti rí i lọ́nà jíjìn.

"Ẹ wá wò ó o! Alábọ̀ kẹ̀kẹ́ ti dé!"

"Àǹtí, ta ló jí táyà kejì?"

Kò dá wọn lóhùn. Ó gùn ún dé iwájú ààrò, ó dúró lójú kan, táyà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó ká a. Orúnkún rẹ̀ yọ. Ó tẹ orí ba níwájú Ìyá Àgbà, níta, lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyá Àgbà yí ẹja kan padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀."

Ariwo ti rọlẹ̀. Táyà ń lọ, ó ń bọ̀. Itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá Kékeré wí, "ẹ dá ọmọ lóhùn kó tó ṣubú."

"Ta ló ní kó gùn ún?" Àbúrò wọn ni wọ́n dá lóhùn. Wọn ò gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi," ni Mutmainah wí lẹ́ẹ̀kan sí i. Òógùn ti wọ ojú rẹ̀, kò sì lè nù ún. Ó mọ̀ pé agbára òun ti ń tán. Ó sì mọ̀ pé òun ò ní sọ̀kalẹ̀ fúnra òun. Bí wọn ò bá dáhùn, kó gbé òun ṣubú.

Ó sì gbé e ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ yí dànù, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ gbì.

"Pẹ̀lẹ́ o!"

Ìyá Àgbà ni. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu wọn kí wọ́n tó lè dá a dúró, bí orúnkún Mutmainah ṣe máa ń tẹ̀ láyé àtijọ́ kó tó rò ó. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́.

"Ẹ ṣé, mà," ni Mutmainah wí lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá Kékeré tẹ orí sínú àwọ̀n wọn. Èjìká wọn ń mì.

Ìyá Àgbà dìde. Ó gbà wọ́n ní àkókò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀. Wọ́n ní kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Wọ́n wo orúnkún náà, egbò tuntun lórí àpá, àpá lórí àpá. Wọ́n fi àtàǹpàkò tó ń rùn bí ẹja kàn án.

"Kí ló ṣe orúnkún ẹ báyìí?"

"Ìkíni ni, mà."

 Ìyá Àgbà fi etí ìró wọn nu ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n sì ń nù ún lọ lẹ́yìn tó ti mọ́.

"O ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ò da omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nílé wa, wọn kì í kí èèyàn dé ìdajì. Àwẹ̀ró, dìde. Gùn ún padà."

Mutmainah dìde. Ojú rẹ̀ ń ṣe omi, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é. Ó gùn ún, ó mì, ó ká ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà dúró tì í gbágbáágbá, ọwọ́ wọn là sílẹ̀ bíi ti ẹni tí ọmọ ń rìn tẹ́tẹ́ níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, mà."

"Ìkòròdú ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

"Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn olórí tó ò ń dì ńkọ́? Ṣé o ti jẹun? Ọkọ ńkọ́?"

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, orí ẹsẹ̀ kan ni mo wà!"

"Ṣe bí ìwọ lo fẹ́ kíni," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì ń bi í lọ. Lẹ́yìn wọn, ẹja ń jóná lórí ààrò. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.