Omi Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 1955, mo gbé garawa omi kan láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ ni mo gbé e lé orí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà.

Àṣà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ni. Bí wọ́n bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú mìíràn, omi tí a fà nínú kànga ẹ̀yìn pápá wa nìkan ni wọ́n ń mu. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ ló ń gbé e. Ìdí garawa náà kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn, ẹni tó gbé e kò sì gbọ́dọ̀ mu omi kankan kí wọ́n tó padà dé ilé. Mi ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọdún 1952, ọmọbìnrin kan gbé garawa náà kalẹ̀ ní Ìjẹ̀dé láti yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Góòlù mẹ́rin ni wọ́n fi nà wá lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n ṣì ń bi í bóyá ẹ̀gún náà ti jáde.

Tèmi tún le ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé ará Ẹ̀pẹ́ ni àfẹ́sọ́nà mi. Bísíríyù ni orúkọ rẹ̀, télọ̀ ni. A ti fi ìdána wa sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò gbé omi lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ ní Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ògúnsànyà, olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ló dúró tì mí.

Ó ní, "Láwàl ló ń ṣọ́lé fún wa, Mùsílímátù sì ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Ta ló máa ta ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀?"

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ ní Èbúté Ìkòròdú, ó sì wúwo ju omi náà lọ. Wùnmí, tó máa ń lé orin fún wa, jókòó sí iwájú mi.

"Mùsílí, tí a bá dé Ẹ̀pẹ́, apá ibo lo máa dúró sí?"

"Apá tí omi bá wà."

"Ẹ gbọ́ bí ìyàwó Ẹ̀pẹ́ ṣe ń fọhùn! Tí wọ́n bá tiẹ̀ nà wá, òun ti mọ ibi tó máa sùn."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Orí itan mi ni garawa náà wà, nítorí pé pákó ọkọ̀ náà, ilẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí a fi rí Ẹ̀pẹ́, mi ò mọ̀ mọ́ pé mo ní ẹsẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe fi orí sọ òpó èbúté, Wùnmí àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú orin. Ọkọ̀ fì sí apá kan. Mo ṣubú lu ẹ̀gbẹ́, mo di garawa mú mọ́ àyà, ìdí rẹ̀ kò sì kan pákó. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi dé e tú. Omi náà dà sí mi lára, ó sì ṣàn lọ sábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò kún ife kan.

Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Orin wọn ti gòkè lọ.

Ìyá àgbà kan ń yan ẹja lẹ́bàá èbúté. Ó rí mi bí mo ṣe dúró tí omi ń kán lára mi.

"Ọmọ mi, kí ló dé? Ṣé ìwọ kọ́ ni Bísíríyù télọ̀ fẹ́ fẹ́? Èmi ni ìyá Kúlúsúmù. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni mò ń gbé."

Mo ní omi mi ló dànù. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó fi igbá bu omi nínú àmù rẹ̀, ó ń dà á sínú garawa. Mo wò ó. Mo lè sọ pé kó dúró. Mi ò sọ ọ́. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Kí ni kí n sọ? Pé ọmọ kan gba omi lọ́wọ́ mi? Máa lọ, ìyàwó wa."

Igi máńgòrò wà ní apá tiwọn ní pápá náà, oòrùn ló wà ní apá tiwa. Mo rí Bísíríyù lábẹ́ igi. Ó juwọ́ sí mi, mo wo ibòmíràn. Ẹ̀pẹ́ gbá góòlù kan wọlé kí ìsinmi tó dé.

Nígbà ìsinmi, àwọn agbábọ́ọ̀lù tò wá sọ́dọ̀ mi. Ògúnsànyà ló kọ́kọ́ mu. Ó nu ẹnu, ó pariwo, "Omi ilé!" Gbogbo wọn dáhùn, "Omi ilé!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi kànga wa a máa ta bí irin lẹ́nu. Ti Ẹ̀pẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń wo ọ̀fun wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e mì.

Láwàl ló mu kẹ́yìn. Ó mu ẹnu kan, ó dá dúró, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé ife náà sókè, ó mu ún tán. Kò pariwo ohunkóhun. Ó padà sẹ́nu ilé rẹ̀.

A gbá góòlù méjì wọlé. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí nígbà tí ẹnì kan nínú àwọn tiwa fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Rẹfirí fọn fèrè, ó nàka: pẹnáritì. Sàlàkọ́, tó ti gbá tiwọn wọlé ṣáájú, ló gbé bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀.

Wùnmí di apá mi mú. "Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ o, Mùsílí. Gbé e dáadáa."

Mo gbé e dáadáa. Bí bọ́ọ̀lù yìí bá wọlé, tí wọ́n tún gbá òmíràn, ẹnì kan á béèrè nípa omi. Wọ́n á rántí ibi tí mo fẹ́ fẹ́ ọkọ sí. Wọ́n á ní mo ta Láwàl.

Sàlàkọ́ gbá a sí ọwọ́ òsì. Láwàl ti ṣubú síbẹ̀ kó tó dé. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ra, kò dìde títí Ògúnsànyà fi fà á dìde. Fèrè ìkẹyìn dún.

Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ, wọ́n gbé èmi náà, tèmi ti garawa. "Omi ilé!" ni wọ́n ń kọ lórin títí dé èbúté. Mo rò pé ó ti parí.

A ti ń wọ ọkọ̀ nígbà tí ìyá Kúlúsúmù dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kèrègbè kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Gba èyí fún ọ̀nà. Ti àárọ̀ tí mo bù fún ẹ á ti tán."

Orin dákẹ́.

Ògúnsànyà ní, "Màámà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ti àárọ̀ wo?"

Ìyá náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé ó ti yé e pé ohun kan wà. "Háà, ojú mi ni o," ló wí. "Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣì í mú."

Ó ti la ọ̀nà àbáyọ fún mi. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń lọ bí olè ní èbúté ara rẹ̀, nítorí pé ó fún mi lómi.

Mo ní, "Wọn ò ṣì mí mú. Tiwa dànù nínú ọkọ̀ ní àárọ̀. Omi Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo yín mu."

Ìyá náà padà, ó fi kèrègbè náà sí mi lọ́wọ́, ó sì lọ.

"Ṣé o mọ ohun tí à bá ṣe fún ẹ ká ní wọ́n nà wá?" Ògúnsànyà béèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"A ṣáà borí," ni Wùnmí wí.

Ògúnsànyà gba garawa náà lọ́wọ́ mi. Ó da ìyókù omi inú rẹ̀ sínú ọ̀sà, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí pákó. Mo ṣì rántí ìró tí ìdí rẹ̀ ṣe. Ó ní n kò ní gbé e mọ́, n kò sì gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ yí mi ká, bí ẹni pé ara mi ń rùn. Láwàl dìde níwájú, ó wá jókòó sínú àyè náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "ẹ̀yin ti mọ̀, àbí?"

"Ẹnu kan péré ni mo mu."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi mu ún tán?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó gba kèrègbè náà, ó mu níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì nà án sí mi. Láti aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀, omi kò tíì kan ètè mi. Mo mu ún títí ó fi tán.